Ìgbésí Ayé Baṣọ̀run Gáà àti Ìṣubú Rẹ̀

Bí a bá ń ka àwọn alágbára ilẹ̀ Yorùbá ní ayé àtijọ́, a kò lè ṣàì ka Baṣọ̀run Gáà mọ́ wọn. Kì í ṣe ọba, kò sì dé adé rí. Síbẹ̀ ọba márùn-ún ni ó fi jẹ ní Ọ̀yọ́ Ilé. Mẹ́rin nínú wọn kú nípasẹ̀ rẹ̀; ẹ̀karùn-ún ni ó sì pa òun náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí agbára ṣe ń gbé ènìyàn ga, àti bí ó ṣe ń gbé e ṣubú, kí ó fetí sí ìtàn ọkùnrin yìí.

Ní ìgbà náà, Aláàfin ni olórí gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ni afọbajẹ, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí ọba bá di ìkà tí ìlú kò fẹ́ ẹ mọ́, Baṣọ̀run ni yóò kéde fún un pé òrìṣà kọ̀ ọ́, ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Ọba tí a bá kọ̀ báyìí kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó ṣígbá wò lọ. Àwọn baba wa kò fi àṣà yìí lélẹ̀ kí ìjòyè kan lè di ọ̀gá ọba. Wọ́n fi í lélẹ̀ kí ọba má baà fi ìyà jẹ mẹ̀kúnnù.

Ní nǹkan bí ọdún 1754 ni Gáà di Baṣọ̀run. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i, nítorí ojú wọn ti rí màbo lọ́wọ́ àwọn ọba tí ó rorò. Abẹ́ Gáà ni wọ́n sá sí, bí ẹni tí òjò ń lé tí ó rí ẹ̀yìn àrọ́ko. Ó lóògùn púpọ̀. Àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé ó lè sọ ara rẹ̀ di ẹkùn tàbí erin, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba tọmọdé tàgbà.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Gáà fi yí ọ̀pá tí a fi ń ṣọ́ ìlú padà di kùmọ̀ ọwọ́ ara rẹ̀. Lábísí ni ó kọ́kọ́ yàn. Kí ọba náà tó parí ètò ìjọba, Gáà ti pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀; lẹ́yìn ọjọ́ 17, Lábísí fi májèlé pa ara rẹ̀. Awónbíojú ni ó tẹ̀lé e. Gáà fẹ́ kí ọba dọ̀bálẹ̀ fún òun. Awónbíojú kọ̀, ìjọba rẹ̀ kò sì ju 130 ọjọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Agbólúajé jọba, ayé sì tùbà tùṣẹ. Nígbà tí Gáà ní dandan kí wọ́n gbógun ti ọba Pópó, Agbólúajé kọ̀ láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà. Kí ogun tó padà dé, òun náà ti ṣígbá wò. Májẹ̀ógbé, ẹni kẹrin, wá gbogbo ọ̀nà láti gba ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ikú kan náà ni ó kú.

Gáà kò dá nìkan ṣe ìkà. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí àwọn ìlú ńláńlá káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ni wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé ààfin, wọ́n sì ń fi ojú àwọn ará ìlú gbolẹ̀. Báyìí ni àwọn tí ó sá fún ọba búburú ṣe rí i pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn forí pamọ́ sí.

Nígbà tí Abíọ́dún, tí à ń pè ní Adégoólú, gorí oyè, ó ti mọ ohun tí ojú àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ rí. Kò bá Gáà ṣe agídí. Ní òwúrọ̀, a máa lọ kí i, a sì máa dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọmọ fún baba. Ìtàn sọ pé ní ọjọ́ kan, Gáà ń wá àgbọ̀nrín láti fi rúbọ. Nígbà tí wọn kò rí i, ó mú Agbọ́nyìn, ọmọbìnrin ọba, ó sì fi í rúbọ dípò ẹran náà. Abíọ́dún sunkún títí, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ó ń wá àkókò.

Ní òru kan ni ó yọ́ jáde ní ààfin, ó sì lọ bá Ọ̀yábì, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò. Àwọn méjèèjì ránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ sí àwọn ìlú, wọ́n sì dá ọjọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn ará ìlú dìde sí àwọn ọmọ Gáà níbi tí wọ́n wà, wọ́n pa wọ́n. Kakaǹfò sì kó ogun wọ Ọ̀yọ́. Gáà ti di arúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ. Oògùn kò jẹ́ mọ́, àwọn tí ó sì ti ń sá sí abẹ́ rẹ̀ rí kò jáde láti gbà á. Wọ́n mú un ní ọdún 1774, wọ́n pa á ní ikú oró, wọ́n sì fi iná sun ún. Àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú kò yè, títí kan àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òjó, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ni ó ráyè sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Abíọ́dún jọba títí di ọdún 1789, ìlú sì rójú.

Títí di òní, àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ẹni tí ó bá láyà kí ó ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí ikú Gáà kí ó sọ òtítọ́. Oyè tí Gáà jẹ kò burú; ìlú ni ó ni ín, ìlú ni a sì fi í ṣọ́. Ìgbà tí ó gbàgbé ẹni tí ó ni oyè ni ìṣubú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ogún ọdún kí iná náà tó jó.