Stephen Gray, Aláró Tó Fi Okùn Gbé Iná

Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ wa ní fíísíìsì bi wá pé báwo la ṣe lè fa ike mọ́ra. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní ká lo òòfà. Ẹ̀rín tí kíláàsì rín lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ò ní gbàgbé! Òòfà ò mọ ike, irin ló mọ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sá lọ sí kíláàsì Áàtì. Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn kiri nínú ìwé ni mo ti pàdé Stephen Gray, òun ló jẹ́ kí n dúró.

Aláró ni o. Wọ́n bí i sí Canterbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1666. Iṣẹ́ aró tí bàbá rẹ̀ ń ṣe lòun náà ṣe. Kò gboyè yunifásítì kankan, ìràwọ̀ ló máa ń wò nígbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Nígbà tó dàgbà tí kò sówó, wọ́n gbà á sí Charterhouse ní London, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn ọkùnrin àgbà tí ò ní lọ́wọ́.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ní 1729 kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó dùn. Ó ní ọ̀pá gíláàsì kan tó ní ihò nínú. Tó bá fọwọ́ ra á dáadáa, ọ̀pá náà á máa fa ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ra. Àwọn èèyàn ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Gray ti fi kọ́ọ̀kì dí ẹnu ọ̀pá náà kí eruku má bàa wọ̀ ọ́, ló bá rí i pé ìyẹ́ ń lọ bá kọ́ọ̀kì. Kò kúkú ra kọ́ọ̀kì! Ó fi igi tó ní bọ́ọ̀lù eyín erin lórí gún kọ́ọ̀kì náà, bọ́ọ̀lù náà tún ń fa ìyẹ́. Ó so ó mọ́ okùn gígùn, ibì kan náà ló já sí.

Ó wá lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Granville Wheler, ní Kent. Wọ́n na okùn gbọọrọ, òwú ṣẹ́dà ni wọ́n fi gbé e ró, ó sì ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ṣẹ́dà já. Wọ́n fi wáyà idẹ tínínrín rọ́pò ẹ̀, ni gbogbo ẹ̀ bá pòórá. Ibẹ̀ ló ti yé Gray pé kì í ṣe títínrín okùn ló ṣe pàtàkì, ohun tí wọ́n fi ṣe é ni. Ṣẹ́dà ń dá iná náà dúró, idẹ ń jẹ́ kó sá lọ. Ìdí nìyẹn tí wáyà ilé wa fi ń wọ ẹ̀wù rọ́bà. Wọ́n fi okùn náà gbé e kọjá 700 ẹsẹ̀ bàtà.

Ní 1730, ó fi okùn so ọmọkùnrin kan rọ̀ sókè, ó gbé ọ̀pá tó ti rà sún mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ojú ọmọ náà sì ń fa idẹ pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́. Idẹ o, tí òòfà ò lè gbé! (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí, mi ò gbà kẹ́nikẹ́ni so mí rọ̀.)

Èmi ra báírò mi mọ́ irun nígbà ọyẹ́, ó gbé bébà, ó sì gbé ọ̀rá wẹ́wẹ́. Nígbà òjò, ó kọ̀ jálẹ̀, torí omi inú afẹ́fẹ́ ń jẹ́ kí iná náà jò dànù.

Royal Society fún Gray ní àmì ẹ̀yẹ Copley lọ́dún 1731, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà á, wọ́n sì tún fún un ní 1732. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1736. Lórí ibùsùn ikú ẹ̀, ó ṣì ń sọ ohun tó tún rí fún akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ìyẹn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.