Georges Lemaître: Fádà tó ní ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ò fi ẹ̀sìn jà fún un

Fádà ni, onímọ̀ ìṣirò sì ni. Nígbà tó sọ pé àgbáálá ayé ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan fura pé ìwàásù ló ń dọ́gbọ́n ṣe.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n bí Georges Lemaître nílùú Charleroi, lórílẹ̀-èdè Belgium. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló ń kọ́ ní Yunifásítì Louvain nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ó wọṣẹ́ ológun, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ. Nígbà tógun parí, ó yà sídìí ìṣirò, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ìjọ Àgùdà lọ́dún 1923.

Lọ́dún 1927, ó gbé ìṣirò kan jáde tó fi hàn pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i. Bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì ṣe máa ń wú, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ làwọn agbo ìràwọ̀ ń ṣe. Einstein sọ fún un pé kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò náà, àmọ́ èrò tó wà nídìí ẹ̀ ò bá òun lára mu rárá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Edwin Hubble gbé ohun tó wọ̀n jáde ní Amẹ́ríkà, ó sì gbe Lemaître lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, Einstein náà gbà.

Lọ́dún 1931, Lemaître tún tẹ̀ síwájú. Bí ayé bá ń fẹ̀, a jẹ́ pé ó ti kéré rí. Ó ní inú ohun kan ṣoṣo tó há gádígádí ni gbogbo ẹ̀ ti tú jáde.

Fred Hoyle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Cambridge ò gbà. Lọ́dún 1948, wọ́n ní ayé ò níbẹ̀rẹ̀: bó ṣe ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tuntun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti dí àlàfo. Lórí rédíò BBC lọ́dún 1949 ni Hoyle ti pe èrò kejì yẹn ní Big Bang. Orúkọ náà ò kúrò lára ẹ̀ mọ́.

Lọ́dún 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ bíi pé sáyẹ́ǹsì ti jẹ́rìí sí ìṣẹ̀dá. Ẹlòmíì á jó sí i. Inú Lemaître ò dùn. Lójú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣirò ò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Onígbàgbọ́ lè gbà á, ẹni tí ò gbà pé Ọlọ́run wà náà lè gbà á. Ẹ̀rí ló yẹ kó dájọ́.

Ẹ̀rí sì dé. Ní New Jersey, Arno Penzias àti Robert Wilson ń gbọ́ ariwo kan lórí ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò. Wọ́n lé ẹyẹlé kúrò, wọ́n gbá ìgbẹ́ wọn dànù, ariwo ò dákẹ́. Lọ́dún 1965 ni wọ́n kéde ẹ̀: àṣẹ́kù ooru ìgbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń kúrò lẹ́yìn Hoyle.

Lemaître gbọ́ ìròyìn náà lórí àìsàn. Ó kú lógúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 1966, lẹ́ni ọdún 71. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé dìbò pé kí orúkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú ti Hubble lára òfin tó ṣàlàyé bí ayé ṣe ń fẹ̀.