Paul Keres: Ọ̀ta ayò tó fi lẹ́tà kọ́ṣẹ́, tí adé àgbáyé bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́

Ẹnì kan kì í dá ayò ta. Bí ọ̀ta kò bá rí ẹni bá a jókòó, ọwọ́ rẹ̀ yóò kú ni. Ohun tó dojú kọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Keres nìyí ní orílẹ̀-èdè Estonia, ní nǹkan bíi ọdún 1930. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń ta lórí pátákó tó ní ojú ilé 64, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 16, tí gbogbo ìjà náà sì dá lórí bí wọn yóò ṣe há ọba ara wọn mọ́.

Ìlú Narva ni wọ́n ti bí Keres, ní ọjọ́ keje, oṣù kìíní, ọdún 1916, ṣùgbọ́n Pärnu, ìlú kékeré kan létí òkun, ló ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ àti Harald ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó di àgbà onímọ̀ físíìsì lẹ́yìn náà, ló kọ́ ọ láyò. Ìwé ayò ṣọ̀wọ́n ní Pärnu nígbà náà. Inú àdììtú ayò tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde ni ọmọ náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìrìn ọmọ ayò sílẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ da ayò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan kọ sínú ìwé. Àwọn tó lè fún un níṣòro nílùú náà kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tó fi kọjú sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ta ayò rèé. Ẹni tó ń ta yóò kọ ìrìn kan ṣoṣo sórí káàdì, yóò lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, yóò sì fi í ránṣẹ́. Bó bá tẹ ẹnì kejì lọ́wọ́, òun náà yóò ta á sórí pátákó tó tẹ́ sílé, yóò rò ó dáadáa, yóò sì dá èsì padà. Ká ní káàdì ń lo ọjọ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń fi ọjọ́ mẹ́ta ronú, ọjọ́ 14 ni àwọn méjèèjì yóò fi ta ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ta ìgbà 40, ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ irú ayò bẹ́ẹ̀ máa ń yá, nítorí ìlànà gba atayò láàyè láti yẹ ìwé wò. Àárín rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, níbi tí ìwé kò ti lè ranni lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tó bá jókòó síwájú ẹnì kejì kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ayò dán ọ̀nà wò, ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà nílé lè gbé e síwá, gbé e sẹ́yìn, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ibẹ̀ ni Keres ti ń dán ìbẹ̀rẹ̀ eléwu wò, tí yóò fi ọmọ ogun sílẹ̀ fún ẹnì kejì jẹ, kí ọ̀nà lè là fún àwọn ẹṣin rẹ̀ láti kọlu ọba. Nígbà tí ọmọ ayò bá sì ti ṣẹ́ kù díẹ̀, àṣìṣe kan ṣoṣo lè ba làálàá ọdún méjì jẹ́, nítorí káàdì tó ti wọ àpótí ìfìwéránṣẹ́ kò ṣeé pè padà. Sùúrù tí Keres kọ́ níbẹ̀ ló wúlò fún un nígbà tó di àgbà, tó fi odindi ìwé kan ṣàlàyé òpin ayò.

Ìgbà kan wà tí ayò tó ń fi lẹ́tà ta lẹ́ẹ̀kan náà tó 150. Ní ọdún 1935, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àjọ àgbáyé àwọn tó ń fi lẹ́tà ta ayò. Ọdún yẹn náà ló di ọ̀gá ní Estonia, tó sì ṣáájú ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ sí ìdíje àgbáyé ní Warsaw. Ọmọ ọdún 19 ni.

Ní ọdún 1938, wọ́n kó àwọn ọ̀ta mẹ́jọ tó lágbára jù lọ láyé jọ ní Netherlands. Alekhine tó wà lórí oyè wà níbẹ̀, Capablanca àti Euwe tó ti jẹ ẹ́ rí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Botvinnik. Keres àti Fine ará Amẹ́ríkà ló jọ gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n nítorí pé Keres ti na Fine nínú ìdíje náà, òun ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́. Gbogbo ayé ń retí ìgbà tí yóò bá Alekhine du adé.

Ogun ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ ogun Soviet gba Estonia ní 1940, Jámánì gbà á ní 1941, Soviet tún padà wá ní 1944. Keres gbìyànjú láti sá lọ, kò bọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n fi ìdíje ẹni márùn-ún wá ẹni tí yóò rọ́pò Alekhine ní 1948, Botvinnik na Keres lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra kí Keres tó rí i nà lẹ́ẹ̀kan. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá ìjọba Soviet fi ọwọ́ ọlá gbá a lójú. Nínú ìdíje tí wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò bá ọ̀gá àgbáyé du oyè, ipò kejì ló ṣe ní 1953, 1956, 1959 àti 1962, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀, mẹ́sàn-án nínú àwọn tó jẹ oyè àgbáyé, láti orí Capablanca títí dé orí Fischer, ni Keres na rí.

Ní 1975, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje kan ní Vancouver, ní Kánádà. Kò padà délé. Àìsàn ọkàn pa á ní Helsinki lójú ọ̀nà, ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, lẹ́ni ọdún 59. Àwọn tó jáde wá sin ín ní Tallinn lé ní 100,000. Nígbà tí Estonia sì gba òmìnira padà, àwòrán Keres ni wọ́n yà sórí owó bébà krooni márùn-ún tí wọ́n ná títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó Yúróò ní 2011. Ní 2016 tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí i, wọ́n tún rọ owó ẹyọ Yúróò méjì fún ìrántí rẹ̀. Adé tí kò dé e lórí kò dí àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ láti kà á sí ọba.