Sardauna Ahmadu Bello: Ẹni tí kì í dá lọ sí Mọ́kà

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé kéwú máa ń bi wá nígbà tí àwọn alálàájì bá dé sí Kàbà. Wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun ṣe Háájì ní ọ̀ranyàn fún ẹni tí ó bá ní agbára. Kí wá ni ẹni tí ó ti lọ tún ń padà lọ wá níbẹ̀? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ó ṣe olórí ìjọba lórí ilẹ̀ Okun wa yìí láyé àwọn bàbá wa àgbà, tí ó sì padà sí Mọ́kà léraléra. Òun ni Alhaji Sir Ahmadu Bello, Sardauna Ṣókótó.

Ní ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Rabah, ní ilẹ̀ Ṣókótó, níbi tí bàbá rẹ̀ Ibrahim ti jẹ́ olórí àgbègbè. Bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ọmọ Súlútáànì Muhammad Bello, Muhammad Bello sì ni ọmọ Ṣéù Uthman dan Fodio.

Ìfẹ́ Mọ́kà ti wà nínú ìdílé yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Ṣéù Uthman fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, kò ṣe Háájì títí ó fi kú ní 1817. Nígbà tí àwọn òyìnbó gba Ṣókótó ní 1903, Súlútáànì Attahiru kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì dorí kọ ìlà oòrùn, ọ̀nà Mọ́kà. Àwọn ọmọ ogun òyìnbó lé wọn bá ní Burmi, wọ́n sì pa Súlútáànì náà ní oṣù keje ọdún yẹn. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù tẹ̀síwájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí Sùdáánì, wọ́n sì dá ìlú Mai Wurno sílẹ̀ létí odò Nile. Ọdún méje lẹ́yìn ogun yìí ni wọ́n bí Ahmadu.

Ó ka kéwú, ó lọ sí ilé ìwé ní Ṣókótó, ó sì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina láti 1926 sí 1931. Nígbà tí ó jáde, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ní 1934 ó di olórí àgbègbè Rabah. Ní 1938 ó du ipò Súlútáànì, kò sì rí i gbà. Abubakar tí ó jẹ oyè náà ni ó fi í jẹ Sardauna. Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ̀sùn kàn án lórí owó orí màlúù, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì jàre.

Ní 1954 ó di olórí ìjọba Òkè Ọya àkọ́kọ́. Abẹ́ ìjọba yìí ni Kàbà àti gbogbo ilẹ̀ Okun wà. Kì í ṣe gbogbo àwọn ènìyàn wa ni ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dà wá pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn gbọ́dọ̀ sọ eléyìí náà.

Ní 1955 ó ṣe Háájì. Ohun tí Ṣéù kò rí ṣe, tí Attahiru kú sí ọ̀nà rẹ̀, bàálù gbé e débẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: olórí ìjọba tí àwọn ènìyàn ń wólẹ̀ fún ní Kàdúná bọ́ láwàní, ó bọ́ agbádá, ó ró aṣọ funfun méjì tí abẹ́rẹ́ kò kàn. Ó ń yí Káábà po láàárín àgbẹ̀ àti darandaran, kò sì sí ẹni tí ó lè fi aṣọ mọ ẹni tí ó ga jù.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń padà lọ, fún Háájì àti fún Úmúrà. Kì í sì dá lọ. Ó máa ń kó àwọn ọba, àwọn alùfáà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀rẹ́ dání. Àwọn kan bínú nígbà náà pé ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Owó ìlú jẹ́ àmánà, Ọlọ́hun yóò sì bi olúkúlùkù aṣáájú léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe nílé. Ní 1962 wọ́n dá ẹgbẹ́ Jama'atu Nasril Islam sílẹ̀ ní Kàdúná lábẹ́ rẹ̀, kí àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀nà wọn kò jọra lè jókòó papọ̀. Ọdún náà ni wọ́n ṣí yunifásítì Sáríà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ti kàwé. Àwọn ará Mọ́kà pàápàá mọ̀ ọ́n ní ẹni ńlá, wọ́n fi í ṣe igbákejì ààrẹ Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Àgbáyé.

Ní oṣù kìíní 1966, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Úmúrà dé ni. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 15, àwọn ológun ya wọ ilé rẹ̀ ní Kàdúná, wọ́n sì pa á pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Hafsatu. Àbọ̀ Mọ́kà ni ikú bá a.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìdáhùn wa nìyí. Ìfẹ́ ló ń dá ènìyàn padà sí Mọ́kà, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tún ń lọ, kí ó wo ẹ̀yìn: ṣé kò sí ìyá arúgbó kan ládùúgbò rẹ̀ tí kò tíì lọ rí? Kí ó mú un dání, tàbí kí ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó bá sì dé, kí a rí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹní ìkírun àti omi Sámúsámù. Kí a rí ìwà, kí a rí ilé kéwú tí ó tún ṣe, kí a rí ìjà tí ó parí. Ẹ̀yin tí owó kò tíì sí lọ́wọ́ yín, ẹ máa kọ́ ìmọ̀ Háájì nísinsìnyí, ẹ sì máa tọ́jú kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ pamọ́.

Kí Ọlọ́hun forí jin Sardauna àti gbogbo òkú Mùsùlùmí. Kí Ó jẹ́ kí àwa náà fi ẹsẹ̀ wa tẹ ilẹ̀ Mọ́kà, kí a má sì dá lọ. Àmín.