Mendeleev: Ọmọ opó tó fi àyè sílẹ̀ fún èròjà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe kẹ́místìrì nílé ẹ̀kọ́ girama, láti Ilo-Awela dé ìgboro Ọ̀tà, ló mọ àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní Periodic Table. Wọ́n máa ń há a sórí nítorí ìdánwò. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ ìtàn ọkùnrin tó tò ó, tàbí ti ìyá tó ná gbogbo ohun tó ní kí ọkùnrin náà lè kàwé.

Dmitri Mendeleev ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Tobolsk, ní Siberia lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 8, oṣù Kejì, ọdún 1834. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú àwọn ọmọ tó lé ní mẹ́wàá. Lọ́dún tí wọ́n bí i gan-an ni ojú bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé, fọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá rẹ̀, Maria, ló wá gbé ẹrù ilé karí. Ó lọ tún iléeṣẹ́ dígí tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti pa tì ṣí, ibẹ̀ ló sì ti ń rí owó bọ́ àwọn ọmọ.

Lọ́dún 1847, bàbá kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iná jó iléeṣẹ́ dígí náà. Ẹlòmíràn ì bá ní kí ọmọ náà wáṣẹ́ ṣe, àmọ́ Maria ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ìwọ̀nba owó tó kù, ó mú Dmitri dání, wọ́n sì rìnrìn àjò tó lé ní 2,000 kìlómítà lọ sí Moscow lọ́dún 1849. Yunifásítì ibẹ̀ ò gbà á. Wọ́n tún gbéra, ó di St Petersburg. Lọ́dún 1850, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí bàbá rẹ̀ lọ gbà á wọlé. Ọdún yẹn náà ni ìyá rẹ̀ kú. Ó rójú ọmọ rẹ̀ tó wọlé ẹ̀kọ́, kò rójú rẹ̀ tó jáde.

Nígbà tó di ọdún 1867, Mendeleev ti di ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místìrì ní yunifásítì St Petersburg. Kò rí ìwé tó dáa tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Èròjà 63 ni ayé mọ̀ nígbà yẹn, ìyẹn àwọn nǹkan bíi wúrà, irin àti òjé, tí wọn ò ṣeé tú sí nǹkan mìíràn mọ́ nínú kẹ́místìrì. Èwo ló yẹ kó ṣáájú nínú ìwé, èwo ló yẹ kó tẹ̀ lé e?

Àwọn onímọ̀ ti rí i tipẹ́ pé àwọn èròjà kan jọra bí ọmọ ìyá. Ẹni tó bá mọ ọṣẹ ṣe, èyí á tètè yé e. Eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá àgbà fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, pọtásíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Sódà tí iléeṣẹ́ fi ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, sódíọ̀mù ló wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń sọ epo di ọṣẹ, torí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọṣẹ ti pọtásíọ̀mù kàn máa ń rọ̀ jù ni. Ẹbí mìíràn ni kiloríìnì tó wà nínú bílíìṣì àti áyódìnì tí wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀. Tí sódíọ̀mù bá so mọ́ kiloríìnì, ó di iyọ̀ ọbẹ̀.

Mendeleev to gbogbo wọn láti orí èyí tó fúyẹ́ jù. Ló bá rí i pé ìwà wọn ń yí padà wá: tó bá ti ka díẹ̀, ọmọ ìyá èyí tó kà ṣáájú á tún yọjú. Ìwọ̀n lítíọ̀mù jẹ́ 7, ti sódíọ̀mù 23, ti pọtásíọ̀mù 39, ẹbí kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lóṣù Kẹta ọdún 1869 ló gbé àtẹ rẹ̀ jáde.

Òun nìkan kọ́ ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Lothar Meyer ní Jámánì náà ń to irú àtẹ yìí. Ohun tó gbé orúkọ Mendeleev ga jù ni àwọn àyè tó ṣófo. Níbi tí èròjà ò bá ti bá ẹbí mu, kò fi tipátipá kì í bọ ibẹ̀; ó gbà pé ọmọ ẹbí náà wà níbì kan, wọn ò tíì rí i ni. Lọ́dún 1871, ó kọ ìwọ̀n àti ìwà mẹ́ta nínú wọn sílẹ̀. Tí wọn ò bá sí, ẹ̀sín ńlá ni.

Lọ́dún 1875, Lecoq de Boisbaudran, ará Faransé, rí gallium. Ó ní ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 4.7. Mendeleev, tí kò fojú kàn án rí, kọ̀wé pé ó yẹ kó tó 5.9. Ọkùnrin náà fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, ó tún un wọ̀n, ó sì jẹ́ 5.9. Lọ́dún 1879 wọ́n rí scandium ní Sweden. Lọ́dún 1886, Clemens Winkler rí germanium ní Jámánì. Mendeleev ti ní ìwọ̀n rẹ̀ á jẹ́ 72. Winkler bá a ní 72.3. Ẹbí germanium yìí ni èédú, sílíkọ́nì inú iyanrìn tí wọ́n ń yọ́ ṣe dígí, tin tí wọ́n fi ń bo agolo, àti òjé inú bátìrì ọkọ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló mọ̀. Nígbà tí wọ́n rí argon lọ́dún 1894, kò kọ́kọ́ gbà pé èròjà tuntun ni. Nígbà tó yá, ó gbà, ó sì fún ẹbí náà ní àyè tiwọn. Lọ́dún 1906, ìgbìmọ̀ Nobel dábàá orúkọ rẹ̀, àmọ́ Henri Moissan, tó yọ fluorine, ọmọ ẹbí kiloríìnì, sọ́tọ̀, ni wọ́n gbé ẹ̀bùn náà fún. Mendeleev kú lọ́jọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 1907.

Èròjà tó wà lórí àtẹ náà ti di 118 báyìí, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 101 sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò gbàgbé ẹni tó rán an níwèé. Lọ́dún 1887, nígbà tó gbé ìwé ìwádìí kan jáde, ìrántí ìyá rẹ̀ ló yà á sí, ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn tí Maria ti sùn ní St Petersburg.