Fájuyì, Onílé Tó Bá Àlejò Rẹ̀ Kú

Bóyá ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Enugu kò mọ̀ pé Adékúnlé Fájuyì gbé ìlú yìí rí. Ibí ni batálíọ̀nù kìíní ọmọ ogun Nàìjíríà wà nígbà náà, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe ọ̀gá rẹ̀.

Adó-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, 1926. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1943, láti ìsàlẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ ní 1951, torí pé ó bá wọn pẹ̀tù sí ìjà tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn sójà nítorí oúnjẹ. Ní 1954, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní England, ó sì di ọ́físà. Ní 1961, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n ní Katanga ní Kóńgò. Ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yọ, ó sì gba Military Cross. Lẹ́yìn èyí ló wá sí Enugu.

Ní oṣù Kìíní, 1966, ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ológun. Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ọmọ Ìgbò, di olórí orílẹ̀-èdè, ó sì fi Fájuyì ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó di oṣù Keje, Ironsi wá bá àwọn ọba ṣèpàdé ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ Fájuyì ló sì dé sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 29 tó mọ́, àwọn sójà ti yí ilé ìjọba ká. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì ní Lálúpọn. Ẹni ogójì ọdún ni Fájuyì.

Àwọn kan ní òun ló kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn sójà náà ń bínú sí òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé ó ta àlejò rẹ̀ kí orí tirẹ̀ lè yọ.

Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù Kẹta fún Casimir Pulaski, ọmọ Poland tó kú sójú ogun òmìnira Amẹ́ríkà ní 1779. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ọmọ iléèwé fi gba ìsinmi lọ́jọ́ náà. Fájuyì ní pápá ní Adó-Èkìtì, ó ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ fún un jákèjádò Nàìjíríà.

Àwa lè bọlá fún un láìsí ìsinmi. Àlejò ni wá ní ilẹ̀ Ìgbò. Bí a bá délé, tí wọ́n ń bú àwọn tó gbà wá lálejò, ṣé a máa bá wọn rẹ́rìn-ín ni? Ẹ lọ ka Jòhánù orí 15 lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì dá ara yín lóhùn.