Korsakoff: Dókítà Tó Wádìí Ìgbàgbé Ọ̀mùtí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àtẹ̀yin tíṣà wa, bá a ṣe ń rántí ìgbà èwe yìí, ẹ jẹ́ ká rántí Sergei Korsakoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí wọ́n bí lọ́dún 1854. Moscow ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa dè wọ́n mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1887, ó kọ̀wé nípa àwọn ọ̀mùtí tó rántí ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ tí wọn ò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n á wá máa ròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Irọ́ kọ́ o, ọpọlọ ló fara gbọgbẹ́! Ọdún 1900 ló kú, lẹ́ni ọdún 46. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ la tó mọ̀ pé àìtó fítámìn B1 ló ń fà á. Ọtí àmujù kì í jẹ́ kí ara rí i lò. Ẹ rọra mu ún o, ká lè rántí orúkọ ara wa nígbà tá a bá tún pàdé.